Ohun tí Nọ́ọ̀sì Kò Gbọdọ̀ Gbé Dé Odò-Ọ̀rí

Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì le. Àìsùn òru wà níbẹ̀, ẹ̀jẹ̀ àti èébì wà níbẹ̀, ìdúró láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ wà níbẹ̀. Síbẹ̀, ní ìlú bí Ìwó, èmi gbà pé pípa ẹnu mọ́ ló le jù nínú gbogbo ohun tí iṣẹ́ náà ń béèrè. Nọ́ọ̀sì tó wà ní ọsibítù ìjọba níbí kì í ṣe àjèjì. Ọmọ agboolé kan ni, ó ní mọ́sálásí tàbí ṣọ́ọ̀ṣì tó ń lọ, ó wà nínú ẹgbẹ́ alájọ, ó sì ń ná ọjà ní Odò-Ọ̀rí bíi gbogbo ayé. Obìnrin tí nọ́ọ̀sì gba ẹ̀jẹ̀ lára rẹ̀ fún àyẹ̀wò láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, àwọn méjèèjì lè jọ jókòó níbi ìkómọ lọ́jọ́ Sátidé. Bí nọ́ọ̀sì bá ń ṣiṣẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù, ta ni yóò béèrè ọ̀rọ̀ aláìsàn lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tó bá délé? Ní Ìwó, wọn yóò bi í. Wọn yóò bi í tẹ̀ríntẹ̀rín, wọn yóò bi í tìfẹ́tìfẹ́, ẹni tó ń bi í sì lè jẹ́ ìyá tó bí i.

Ìdí nìyí tí mo fi ń ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ nígbà tí mo bá ń ṣàlàyé ìlànà ìwà tó de iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ìlànà náà kò ju pé kí nọ́ọ̀sì má kanra, kí ó máa rẹ́rìn-ín, kí ó má pariwo mọ́ aláboyún tó ń rọbí. Ọ̀yàyà dára, mo sì fẹ́ kí gbogbo nọ́ọ̀sì ní in. Ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì lè rẹ́rìn-ín sí ọ kí ó sì tú àṣírí rẹ, kí ó fún ọ ní oògùn tí wọn kò kọ fún ọ, kí ó jẹ́ kí àbúrò ọkọ rẹ bá ọ fọwọ́ sí ìwé iṣẹ́ abẹ. Ohun tí ìlànà náà ń ṣọ́ jinlẹ̀ ju ẹ̀rín lọ.

Ó pẹ́ tí àwọn nọ́ọ̀sì ti ń kọ irú àdéhùn yìí sílẹ̀. Ní 1893, ní ìlú Detroit ní Amẹ́ríkà, Lystra Gretter àti ìgbìmọ̀ rẹ̀ kọ ìbúra kan fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì tó ń jáde, wọ́n sì fi orúkọ Florence Nightingale pè é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun kọ́ ló kọ ọ́. Pípa àṣírí aláìsàn mọ́ wà nínú ìbúra náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹgbẹ́ nọ́ọ̀sì àgbáyé, International Council of Nurses, gbé ìlànà tirẹ̀ jáde ní 1953, wọ́n sì ti tún un ṣe lọ́pọ̀ ìgbà, títí kan àtúnṣe ti 2021. Lọ́dọ̀ tiwa, òfin 1979 ló fi gbogbo nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí sábẹ́ àjọ kan ṣoṣo, Nursing and Midwifery Council of Nigeria, ìlànà ìwà iṣẹ́ tí àjọ náà tẹ̀ jáde ní 2005 ni mo sì ní lọ́kàn bí mo ṣe ń kọ èyí. Ní 1979 yẹn kan náà, àwọn ọ̀mọ̀wé Amẹ́ríkà méjì, Tom Beauchamp àti James Childress, kọ ìwé kan tó gbé gbogbo ọ̀rọ̀ náà ka orí òpó mẹ́rin: jẹ́ kí aláìsàn pinnu fún ara rẹ̀, ṣe é lóore, má ṣe é léṣe, má ṣe ojúsàájú. Akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì ní Bowen University, tí ọgbà rẹ̀ wà ní Ìwó níbí, ti mọ òpó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sórí kí ó tó dé ọsibítù ìkọ́ṣẹ́ yunifásítì náà ní Ògbómọ̀ṣọ́, ilé ìwòsàn tí ìjọ Onítẹ̀bọmi dá sílẹ̀ ní 1907. Àkọ́sórí kò nira. Orí wọ́ọ̀dù ni òpó mẹ́rin náà ti ń kọlu ara wọn.

Ẹ jẹ́ kí a wo ohun kan tó ń ṣẹlẹ̀ ní wọ́ọ̀dù ìgbẹ̀bí lóòrèkóòrè. Ìyàwó ilé kan wà lórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ti ṣe àyẹ̀wò fún un, èsì ti wà nínú fáìlì. Ìyá ọkọ rẹ̀ gbé ẹ̀kọ gbígbóná wá nínú fúláásìkì, ó yà sídìí tábìlì nọ́ọ̀sì, ó rẹ ohùn sílẹ̀: “Àǹtí Nọ́ọ̀sì, ẹ kú iṣẹ́ o. Kí lẹ rí lára ìyàwó wa gan-an? Èmi ni mo ń sanwó, ẹ lè sọ fún mi.” Ìfẹ́ wà nínú ọ̀rọ̀ yẹn, àṣẹ àgbà wà nínú rẹ̀, owó náà sì wà nínú rẹ̀. Ọmọ Yorùbá tí wọ́n kọ́ nílé kì í fẹ́ kọ̀ fún àgbà. Nọ́ọ̀sì tó mọṣẹ́ yóò dìde, yóò sọ pé: “Màmá, ẹ kú ìtọ́jú, ẹ ò ní ṣàárẹ̀. Ìyàwó yín ló ni èsì náà, ẹnu rẹ̀ lẹ ó ti gbọ́ ọ. Ẹ jẹ́ kí n bá yín gbé fúláásìkì yìí dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.” Kò parọ́, kò rí àgbà fín, kò sì sọ ohunkóhun.

Ẹ kíyè sí i pé kò sọ pé “kò sí nǹkan kan.” Ọ̀pọ̀ nọ́ọ̀sì ń ṣe àṣìṣe níbí, àánú ló sì ń tì wọ́n sí i. Bí ara aláìsàn bá le, wọn yóò fi ìyá ọkọ rẹ̀ lọ́kàn balẹ̀: kò sí nǹkan kan, Màmá. Bí ọ̀rọ̀ bá wà nílẹ̀, wọn yóò ní àwọn kò lè sọ. Láàárín oṣù díẹ̀, gbogbo àdúgbò ti mọ ìtumọ̀ “a ò lè sọ.” Ìdákẹ́ náà ti di ìròyìn. Nítorí náà, ìdáhùn kan náà ni kí nọ́ọ̀sì máa fún gbogbo ayé, ìbáà jẹ́ ibà lásán ni aláìsàn ní, ìbáà jẹ́ jẹjẹrẹ. Aláìsàn tí kò ní ohun kan láti fi pamọ́ ló ń bo èyí tó ní in láṣìírí.

Òfin ìlera orílẹ̀-èdè, National Health Act ti 2014, ti gbé ọ̀rọ̀ yìí kúrò ní ti ìwà nìkan. Abala 26 rẹ̀ ní àṣírí ni gbogbo ohun tó jẹ mọ́ ìlera, ìtọ́jú àti ìgbà tí aláìsàn lò ní ọsibítù. A lè sọ ọ́ bí aláìsàn bá kọ̀wé pé ká sọ, bí ilé ẹjọ́ tàbí òfin bá pàṣẹ, bí aláìsàn bá jẹ́ ọmọdé tí òbí rẹ̀ sì béèrè, tàbí bí àìsọ rẹ̀ yóò bá ṣe ewu ńlá fún ìlera gbogbo ìlú. Ẹ kò rí ìyá ọkọ níbẹ̀, ẹ kò sì rí ẹni tó ń sanwó. Oníṣẹ́ ọsibítù tó ń tọ́jú aláìsàn yẹn lè mọ̀, nítorí ìtọ́jú. Ẹni tó ń gbálẹ̀ ní ọ́fíìsì kejì kò nílò rẹ̀.

Èsì àyẹ̀wò HIV ló ń dán òfin yìí wò jù. Mo ti gbọ́ kí àwọn èèyàn sọ pé àwọn yóò kúkú lọ gba oògùn ní Òṣogbo tàbí Ìbàdàn, kí àwọn san owó ọkọ̀ lóṣooṣù, ju kí àwọn gbà á nílùú níbi tí wọ́n ti mọ baba àwọn. Nígbà tí owó ọkọ̀ bá tán, oògùn náà yóò dúró. Ẹ̀yin tó rò pé òfófó kò ju ọ̀rọ̀ ẹnu lọ, ọ̀nà tó ń gbà pa èèyàn nìyẹn.

Ní ti ewu ìlú, Ebola kọ́ wa. Ní oṣù Keje 2014, arìnrìn-àjò kan gbé àrùn náà wọ Èkó láti Làìbéríà. Èèyàn 20 ló mú ní Nàìjíríà, 8 sì kú. Dókítà Ameyo Adadevoh, tí kò jẹ́ kí ọkùnrin náà jáde ní ọsibítù, wà nínú wọn, nọ́ọ̀sì sì wà nínú wọn. Kí wọ́n tó lè dá àrùn náà dúró, àwọn tó ń tọpa rẹ̀ ní láti mọ orúkọ gbogbo ẹni tó fara kan aláìsàn, kí wọ́n sì máa ṣọ́ wọn fún ọjọ́ 21. Ní irú ìgbà bẹ́ẹ̀, nọ́ọ̀sì tó bá ní òun ń pa àṣírí mọ́ ń pa ìlú lára. Ṣùgbọ́n ibi tí ọ̀rọ̀ náà gbọ́dọ̀ dé ní ààlà: ọ̀dọ̀ àwọn tó ń tọpa àrùn, kí ó má dé orí WhatsApp ẹgbẹ́ ọmọ ilé-ìwé. Ní ti fóònù, mo ní ohun kan láti sọ. Fọ́tò ọmọ tuntun tó lẹ́wà, fídíò ìyá arúgbó tó ń kọrin lórí bẹ́ẹ̀dì, ọgbẹ́ tó bani lẹ́rù tí wọn kò ya ojú ẹni tó ni ín, gbogbo rẹ̀ ni àṣírí. Ní Ìwó, wọn yóò mọ aṣọ, wọn yóò mọ ilà ojú, wọn yóò mọ ohùn.

Ohun kejì tó máa ń mì lọ́dọ̀ wa ni ìfọwọ́sí, ẹ̀tọ́ aláìsàn láti pinnu fún ara rẹ̀. Aláboyún nílò iṣẹ́ abẹ kíákíá, wọ́n gbé ìwé wá, gbogbo èèyàn sì ń dúró de ọkọ tó wà lóko tàbí tó ń bọ̀ láti Èkó. Ìlànà nọ́ọ̀sì Nàìjíríà kò fi ibì kankan bo ọ̀rọ̀ yìí: aláìsàn tó bá ti pé ọmọ ọdún 18 ló ń fọwọ́ sí ìtọ́jú ara rẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ṣàlàyé fún un. Bí kò bá lè sọ̀rọ̀, tí ẹ̀mí rẹ̀ sì wà nínú ewu, kí wọ́n tọ́jú rẹ̀. Ẹni tó gbà á là yóò lè ṣàlàyé ìdí tó fi ṣe bẹ́ẹ̀.

Àwọn kan á ní òyìnbó ló ń sọ báyìí, pé Yorùbá kì í dá pinnu. Òótọ́ ni pé a kì í dá pinnu, ìlànà kan náà sì ní kí nọ́ọ̀sì ka àṣà, ìgbàgbọ́ àti ẹbí aláìsàn sí nígbà tí ó bá ń ṣètò ìtọ́jú. Ibi tí méjèèjì ti bá ara wọn mu ni ẹnu obìnrin náà fúnra rẹ̀. Nọ́ọ̀sì yóò sún mọ́ ọn, yóò bi í pé ta ni ó fẹ́ kí wọ́n pè. Bí ó bá ní kí wọ́n dúró de ọkọ òun, òun ló pinnu bẹ́ẹ̀, kìkì pé nọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ sọ iye ìṣẹ́jú tí ọmọ inú rẹ̀ lè fara dà. Bí ó bá ní ẹ jẹ́ kí n fọwọ́ sí i, kí wọ́n gbé bíírò fún un.

Ibi tó ti ń dun nọ́ọ̀sì dé egungun ni ìgbà tí aláìsàn bá kọ̀. Ní 1991, obìnrin kan tó jẹ́ Ẹlẹ́rìí Jèhófà kọ ẹ̀jẹ̀. Ọsibítù àkọ́kọ́ dá a sílẹ̀. Dókítà tí wọ́n gbé e lọ bá lẹ́yìn náà tọ́jú rẹ̀ láìfún un lẹ́jẹ̀, obìnrin náà sì kú. Ìgbìmọ̀ tó ń bá àwọn dókítà wí dá dókítà náà lẹ́bi. Ẹjọ́ náà dé Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ti Nàìjíríà, tí ó sọ ní 2001 pé àgbàlagbà tí orí rẹ̀ pé lẹ́tọ̀ọ́ láti kọ ìtọ́jú nítorí ẹ̀sìn rẹ̀, wọ́n sì dá dókítà náà láre. Ìlànà nọ́ọ̀sì lọ jìnnà bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú: kí a bọ̀wọ̀ fún ìpinnu aláìsàn, kódà bí ìkọ̀sílẹ̀ rẹ̀ bá lè mú ikú wá, àfi bí ilé ẹjọ́ bá pàṣẹ mìíràn. Ó ṣòro fún mi láti kọ gbólóhùn yẹn, mo sì gbà á. Ohun tí n kò gbà ni kí nọ́ọ̀sì sọ pé “ó ti kọ̀” kí ó sì kọjá sí bẹ́ẹ̀dì kejì. Ẹni tó kọ ẹ̀jẹ̀ kò kọ omi, kò kọ oògùn, kò kọ ọwọ́ tí yóò di tirẹ̀ mú. Ó sì lè jẹ́ pé kò yé e ni. Abala 23 òfin ìlera ní kí wọ́n ṣàlàyé ní èdè tí aláìsàn gbọ́, ní ọ̀nà tó bá ìwọ̀n ìwé tó kà mu.

Ní ti àìṣeni-léṣe, ẹ wá wo nọ́ọ̀sì lóru lẹ́gbẹ̀ẹ́ aláboyún tí ẹ̀jẹ̀ ríru ti mú gìrì bá. Magnesium sulphate ni wọ́n ń fún un, oògùn tó ń gba ẹ̀mí là, tó sì lè dá èémí dúró bó bá pọ̀ jù. Kí àsìkò ìwọ̀n tó tẹ̀ lé e tó tó, nọ́ọ̀sì yóò wo aago, yóò ka bí àyà ṣe ń lọ sókè sódò: kò gbọdọ̀ dín ní 16 láàárín ìṣẹ́jú kan. Yóò fi òòlù kékeré kan orúnkún, yóò wò ó bóyá ẹsẹ̀ ta. Yóò tẹ̀ ba wo àpò ìtọ̀ tó so mọ́ bẹ́ẹ̀dì: ó kéré tán, mílílítà 30 ní wákàtí kan. Calcium gluconate, tó ń pa agbára oògùn náà, gbọ́dọ̀ wà nítòsí. Bí ọ̀kan nínú àmì mẹ́ta náà, èémí, orúnkún àti ìtọ̀, kò bá pé, kò ní fún un, yóò sì pe dókítà, bí ìwé tilẹ̀ sọ pé aago méjì òru ni. “Dókítà ló kọ ọ́” kì í ṣe ààbò fún nọ́ọ̀sì. Ọwọ́ tó ti abẹ́rẹ́ wọlé ni yóò jíhìn.

Gbogbo rẹ̀ ni yóò kọ sílẹ̀: aago, iye èémí, iye ìtọ̀, orúkọ rẹ̀. Ohun tí a kò bá kọ, àwọn tó gba iṣẹ́ láàárọ̀ kò lè mọ̀ pé a ṣe é. Kíkọ ohun tí a kò ṣe sì burú jù. Nọ́ọ̀sì tó jókòó láti kọ ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ ríru tí kò wọ̀n ti gbé irọ́ sí ibi tí ẹlòmíràn yóò ti ṣe ìpinnu lórí ẹ̀mí. Bí ó bá fún èèyàn ní oògùn tí kì í ṣe tirẹ̀, kí ó sọ kíá, nígbà tí àtúnṣe ṣì wà. Àwọn ọ̀gá wọ́ọ̀dù tó ń fi ariwo pàdé ẹni tó bá jẹ́wọ́ ń kọ́ àwọn ọmọ láti máa fi pamọ́ ni. Irọ́ inú ìwé máa ń ba orúkọ ẹlòmíràn jẹ́ pẹ̀lú. Ní 2023, àjọ tó ń ṣàkóso nọ́ọ̀sì ní UK sọ pé èsì ìdánwò tí nọ́ọ̀sì ń ṣe kí ó tó lè ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ wọn, èyí tó wá láti ibùdó kan ní Ìbàdàn, kò mọ́, wọ́n sì ní kí ọ̀pọ̀ àwọn tó ṣe é níbẹ̀ tún un ṣe. Àwọn tó ṣe é láìṣe èrú pín nínú ìtìjú náà. Ọkàn mi bàjẹ́ gidigidi nígbà tí mo kà á, nítorí pé orúkọ gbogbo nọ́ọ̀sì Yorùbá lókè òkun ló wà nínú ewu.

Àìṣojúsàájú kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀ nínú ìwé, ṣùgbọ́n ní Ìwó ó ní ìtàn. Ní 2016, lẹ́yìn tí ilé ẹjọ́ gíga Ọ̀ṣun ní àwọn ọmọbìnrin Mùsùlùmí lè máa lo híjáàbù ní ilé-ìwé ìjọba, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Kristẹni kan fi ẹ̀hónú wọ aṣọ ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì wá sí Baptist High School níbí, gbogbo orílẹ̀-èdè sì ń wò wá. Irú ìjà bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ kọjá ẹnu ọ̀nà wọ́ọ̀dù. Ìlànà náà ní kí nọ́ọ̀sì tọ́jú gbogbo èèyàn láìka ẹ̀sìn, ẹ̀yà, ìṣèlú tàbí owó sí. Mùsùlùmí tó fẹ́ kí wọ́n bo òun dáadáa nígbà àyẹ̀wò, kí wọ́n fa aṣọ ìkélé. Aláàwẹ̀ tí oògùn rẹ̀ gba kí ó jẹun, kí wọ́n bá a sọ ọ́ pẹ̀lẹ́tù. Nọ́ọ̀sì mọ ohun tí ìkórìíra jẹ́ pẹ̀lú. Nígbà tí Kofoworola Abeni Pratt ń kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní ọsibítù St Thomas’ ní Lọ́ńdọ̀nù lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì, aláìsàn kan kọ̀ kí aláwọ̀ dúdú tọ́jú òun. Pratt kò fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ó padà wálé, ó sì di ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó jẹ́ mátírọ́ọ̀nù ní University College Hospital (UCH), Ìbàdàn.

Owó náà ń ṣe ojúsàájú. Abala 20 òfin ìlera ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kọ ẹni tó wà nínú pàjáwìrì, nítorí ìdí yòówù. Ìyà rẹ̀ ni ẹgbẹ̀rún lọ́nà 100 náírà, tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà, tàbí méjèèjì. Láti 2017 sì ni òfin ti ní kí ọsibítù tọ́jú ẹni tí ìbọn bà, ìwé ọlọ́pàá wà o, kò sí o.

Ẹ̀bùn wá ńkọ́? Èyí ni ìbéèrè tí àwọn ọ̀dọ́ nọ́ọ̀sì ń bi mí jù. Ìlànà náà kọ rìbá, ó sì kọ ẹ̀bùn tó lè mú kí nọ́ọ̀sì fi ẹnì kan ṣíwájú ẹlòmíràn. Àkókò ni kí a fi wò ó. Ẹni tó ti gba ìdásílẹ̀, tó padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan pẹ̀lú iṣu mẹ́ta àti àdúrà, ń dúpẹ́ ni. Bí a bá dá iṣu náà padà, a ti tàbùkù rẹ̀. Kí wọ́n gbé e sílẹ̀ fún gbogbo wọ́ọ̀dù, kí ọ̀gá mọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ̀rún méjì náírà tí ọkọ ká sí àtẹ́lẹwọ́ nọ́ọ̀sì nígbà tí ìyàwó rẹ̀ ṣì wà lórí bẹ́ẹ̀dì, tó ní “ẹ bá mi mójú tó o,” kò gbọdọ̀ wọ àpò. Obìnrin tó wà ní bẹ́ẹ̀dì kejì, tí ọkọ rẹ̀ kò ní kọ́bọ̀, rí i.

Bí nọ́ọ̀sì bá rú ìlànà, ọ̀rọ̀ náà kò parí sọ́wọ́ ọ̀gá ọsibítù. Àjọ nọ́ọ̀sì ní ìgbìmọ̀ tó ń wádìí ẹ̀sùn, ó sì ní ìgbìmọ̀ ìdájọ́ tó lè kìlọ̀ fún un, tó lè dá a dúró fún ìgbà kan, tó sì lè yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú ìwé. Ọdún mẹ́ta mẹ́ta ni wọ́n ń tún láísẹ́ǹsì ṣe, ẹni tó bá sì fẹ́ tún tirẹ̀ ṣe gbọ́dọ̀ fi hàn pé òun ń kẹ́kọ̀ọ́ sí i. Aláìsàn tàbí ẹbí rẹ̀ lè kọ̀wé sí àjọ náà fúnra wọn. Àwọn tó mọ èyí ní Ìwó kò pọ̀, mo sì rò pé ẹ̀bi wa ni, àwa tó mọ̀wé.

Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ìlànà náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ìyá tó gbé fúláásìkì wá kò lè kà á, ìyàwó rẹ̀ tí ìlànà ọ̀hún ń dáàbò bò lè má lè kà á. Ohun tí mo ń béèrè kò náwó púpọ̀: kí àjọ nọ́ọ̀sì, ìjọba Ọ̀ṣun àti àwọn olùkọ́ ní Bowen jókòó, kí wọ́n tú ibi tó kan aláìsàn sí Yorùbá tó já gaara, kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ ní lẹ́tà ńlá, kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri wọ́ọ̀dù ìgbẹ̀bí, yàrá pàjáwìrì àti ibi tí wọ́n ti ń gba oògùn. Kí wọ́n kọ nọ́ńbà tí a lè pè sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Kí wọ́n kà á sétí àwọn tó wá fún ìtọ́jú oyún láàárọ̀, kí àyẹ̀wò tó bẹ̀rẹ̀, kí ìyá ọkọ tó bá sìn wọ́n wá náà gbọ́ ọ.